Erùpẹ̀ Tí Mo Kọ́kọ́ Fi Ránṣẹ́

Lanping, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, ìyá àgbà náà kí ọ títí, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun yó. Kí òtútù ìlú Changsha má mú ọ, kí ìwé rẹ máa yé ọ. Àwa náà wà, àfi ìbàdí ìyá rẹ tó ṣì ń dùn ún. Ẹlẹ́dẹ̀ ńlá yẹn ti bí mọ́kànlá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ lórí fóònù, torí mi ò tíì mọ ihò tí ojú rẹ ti máa ń yọ wò mí lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ yẹn ni.

Nígbà tí o kọ̀wé pé o nílò erùpẹ̀ ilé, mi ò ka ìyókù. Mo sọ fún ìyá rẹ pé omi ìlú ńlá ti bá ọmọ wa nínú jà. O mọ bí a ti ń ṣe é níbí: bí omi àjò bá kọ̀ fún èèyàn, á bu erùpẹ̀ ilé rẹ̀ díẹ̀ sómi, á mu ún. Ṣé ẹrẹ̀ oko ni mo wá fẹ́ fún ọmọ mi mu? Mo gun òkè lọ sẹ́bàá kànga àtijọ́, mo bu èyí tó dára jù, mo sá a, ìyá àgbà sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, a wé e sínú bébà pupa. Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́, mo rò pé ìwé àdúrà ni, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

O wá kọ̀wé pé ẹ̀rọ yunifásítì tọ́ erùpẹ̀ wa wò, pé ó mọ́ débi pé ẹnu ya olùkọ́ rẹ, nígbà tó jẹ́ pé omi ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà tẹ́lẹ̀ ló ń wọ oko wa. Inú mi dùn, mo ka lẹ́tà náà fún gbogbo àdúgbò. Ìyá rẹ, tó ti ń bẹ̀rù ìrẹsì wa láti ìgbà tí o ti kìlọ̀ fún un, tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, abọ́ méjì méjì.

Peng, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló bi mí pé níbo ni mo ti bu ú. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní Maolin, ṣé inú kànga lo ń gbin ìrẹsì sí ni. Lẹ́yìn náà ó wo abọ́ ọwọ́ ìyá rẹ, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kì í ṣe pé inú ń dun ìwọ Lanping, pé ṣe lo fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ oko wa ń pa wá.

Ojú tì mí, Lanping. Ìbéèrè kan ṣoṣo lo bi mí, irọ́ ni mo fi dá ọ lóhùn, mi ò sì mọ̀. Mo ti lọ láti ilé dé ilé, mo ní kí wọ́n má gba lẹ́tà yẹn gbọ́.

Ẹrẹ̀ oko wa gan-an ló wà nínú àpò yìí. A ò sẹ́ ẹ, a ò sá a. Ekòló kan wà nínú rẹ̀, má pa á. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù náà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí oko wà, mo kọ pé ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀ Peng. Níbi tí wọ́n ti ní báwo ló ṣe jìn sísàlẹ̀ tó, mo kọ pé a ò tíì kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ayé bàbá bàbá mi.

Jọ̀ọ́, bẹ ẹ̀rọ náà kó má ṣojúsàájú. Tó bá burú, kọ ọ́ pé ó burú, má wò ó pé tiwa ni. Ìrẹsì ọjà là ń jẹ báyìí, ìyá àgbà ní ó dà bí òwú lẹ́nu òun, nítorí náà bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, ká ra èyí tó sàn.

Ọ̀run á ṣọ́ ọ, àwọn baba ńlá wa á máa bá ọ rìn. Mo tún fi erùpẹ̀ ẹ̀bá kànga díẹ̀ sígun àpò, nínú bébà pupa. Ìyẹn, má jẹ́ kí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni kí o mu ún.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zeng Maolin