Mọ́tò Tí Kò Mọ Ẹ̀yìn Mọ́

Abà Olóbì,
Ọ̀nà Àkànrán.

Mùsílímátù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé, ìwọ àti ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé ara gbogbo yín le? Ṣé iná ń wà ní Bódìjà? Ibi ò ní mọ ọ̀nà ilé yín. Àwa náà ń dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ìjì sì ti ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò tí o fún wa ni mo ti ń kọ ìwé yìí, torí pé ó tẹ́jú ju tábìlì lọ, òun náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò náà gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Kò rìn sẹ́yìn mọ́. Bí mo bá fi jíà rẹ̀ sí ti ẹ̀yìn, yóò kàn máa kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, kò ní kúrò lójú kan. Iwájú nìkan ló ń lọ, ìyẹn náà, yóò kọ́kọ́ gbọ̀n wá jìgìjìgì. Mo rò pé ìgbéraga ni, torí pé ìlú ńlá ló ti wá. La bá ń bá a lò bó ṣe fẹ́: mo wó ògiri ẹ̀yìnkùlé kó lè gba iwájú wọlé kó sì gba ẹ̀yìn jáde, ó wá ń gba àárín ẹ̀gẹ́ wa kọjá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa ń yí mọ́ṣáláṣí po lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí ibi tí n ó dúró sí. Lèmọ́mù ti bi mí bóyá mo rò pé Mẹ́kà ni mo wà.

Ojú ìyá rẹ ló jẹ́ ká gbé mọ́tò náà wá tún ṣe ní Ìbàdàn. Alàmísì tó ń bọ̀ ni dókítà ojú ní Ring Road ní kó padà wá, wọ́n ní bó bá pa ọjọ́ náà jẹ, àwọn ò mọ ìgbà tí àyè yóò tún ṣí. Èmi àti ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Mujeeb, mẹkáníìkì tó mọ jíà, ní Challenge. Ó ki nǹkan kékeré kan bọ abẹ́ sítíárì, mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ sínú fóònù rẹ̀. Mo ní kó bá mi bi í léèrè, ta ló ṣẹ̀ ẹ́ nínú èmi àti ìyá rẹ. Nọ́ńbà nìkan ni mọ́tò náà ń kọ sójú fóònù. Mo sọ fún Mujeeb pé ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà fèsì kò tíì fẹ́ kí ìjà parí. Ó wá fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó fi òróró jíà hàn wá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó bi mí ìgbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Mo ní èmi kì í yọ ohun tí mi ò fi síbẹ̀.

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Kí òun tú jíà náà, kí òun pààrọ̀ àwọn dísìkì tó ti jóná nínú rẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà. Tàbí ká sọ ọ́ nù, ká ra odindi tòkunbọ̀ lọ́wọ́ Akíndúró tó ń ta jíà ní òdìkejì títì, ìlọ́po méjì iye yẹn.

O mọ̀ pé nínú ilé wa, a kì í mú àjèjì wọlé láìṣèwádìí. Kí ọkọ rẹ tó fẹ́ ọ, oṣù mẹ́rin ni mo fi wádìí ìdílé rẹ̀ ní Àpáta, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gẹ irun fún bàbá rẹ̀. Mo bá jókòó ti Akíndúró. Mo ní níbo ni jíà yìí ti wá? Ó ní Bẹ́líjíọ̀m. Mo ní kí ló lé e kúrò nínú mọ́tò tó wà tẹ́lẹ̀? Ó ní mọ́tò náà ló kú. Mo ní irú ikú wo? Ó ní òun ò sí níbẹ̀. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà àwọn tó ni mọ́tò náà, kí n bi wọ́n bóyá ó máa ń rìn sẹ́yìn nílé wọn. Ó ní bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀, òun á fún mi ní gàràǹtì ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Adìẹ tó ń sàba gan-an ò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí ẹyin. Mo dìde.

Ìyá rẹ, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa ṣùgbọ́n tí imú rẹ̀ ṣì mú, gbóòórùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí Mujeeb fà yọ. Ó ní èyí ò ju ọbẹ̀ tó jóná lọ, pé bí ọbẹ̀ bá jóná, ìkòkò là ń fọ̀, a kì í jù ú nù ká lọ ra ìkòkò tí ẹlòmíràn ti lò. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo ní kí Mujeeb tú u, kó tún un ṣe. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì jíà kankan kí owó tó dé. Ẹ̀gẹ́ tí mo rò pé n ó tà, mọ́tò ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọmọ mi, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náà ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Má fi í sínú fóònù mi o, ó ti kún, ó ń sọ pé kí n pa nǹkan rẹ́ kí àyè lè wà, mi ò fẹ́ kó lọ pa owó rẹ́. Mujeeb ni kí o fún tààrà.

Bí kò bá sí, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ ò lè dúró de jíà. A óò gbé mọ́tò náà wá bẹ́ẹ̀ ní Alàmísì, a óò rí dókítà, a óò sì yà kí ọ. Mo rántí pé géètì kan ṣoṣo ni ilé yín ní, ògiri aládùúgbò ló sì wà lẹ́yìn. Bí mọ́tò yìí bá ti wọlé, ó wọlé náà nìyẹn, àwa náà sì wọlé nìyẹn, ọkọ rẹ ò sì ní gbà kí n wó ògiri. Kó rọra kó àwọn bàtà rẹ̀ kúrò ní yàrá àlejò. Ìyá rẹ ti di ọlọ rẹ̀ sínú àpò.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí, iwájú ni ìwọ náà ó máa lọ, o ò ní rẹ̀yìn láéláé. Ìwọ ni mo ṣe àdúrà yẹn fún o, mi ò ṣe é fún mọ́tò.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.