Ta Ni Yóò Pe Ìyá Augustin Lórúkọ?

Tokpota, Porto-Novo

Romaric, àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kútọnu? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ mi ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé yín tú. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ Mouïnatou, aládùúgbò wa, bí méjì, ìjì sì ká páànù ilé ìdáná wa lọ.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ nínú fóònù. Bí mo bá kí ọ tán, n óò dákẹ́ kí o lè dáhùn, n óò tún kí ọ, n óò tún dákẹ́. O kò dáhùn ẹyọ kan. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?

Ọjọ́ Àjíǹde ni wọn yóò rì mí bọmi ní ìjọ Àgùdà, wọ́n ní kí n mú orúkọ ẹni mímọ́ kan. Hilaire tó ń kọ́ wa ní katikísímù mú orúkọ Agathe wá. Mo ka ìtàn rẹ̀ fúnra mi, mo ṣáà ti mọ̀wé báyìí: wọ́n gé ọmú rẹ̀. Mo ní rárá, tèmi ni mo fi tọ́ gbogbo yín. Ó mú Lucie wá, wọ́n yọ ojú tiẹ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra awò!

Monique ló wù mí. Augustin ọmọ rẹ̀ parọ́ fún un pé òun fẹ́ sin ọ̀rẹ́ òun dé èbúté, ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi sá lọ. Mo bú sẹ́kún nínú kíláàsì. Ṣebí ìwọ náà ní o fẹ́ sin ọ̀rẹ́ rẹ dé ìdí takisí ní àdúgbò Houinmè ní Kérésì tó kọjá? Ọbẹ̀ rẹ ṣì wà lórí iná nígbà tí mo gbọ́ pé o ti dé Kútọnu.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe irú abiyamọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ lásán? Mo kọ Ìyá Augustin sí ìwé, mo gbé e síwájú Hilaire. Ó ní kò sí ẹni mímọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá orúkọ ló fi ń pe ìyá tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo Tokpota ló ń pè mí ní Ìyá Romaric, Romaric náà dà? Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé lọ́jọ́ ìrìbọmi mi, ẹ̀yìn mi ni Romaric yóò dúró sí. Bí Fadá bá sì pe Monique lásán, n kò ní dáhùn, kódà bí omi bá ti wà lórí mi.

Nítorí náà, fi owó aṣọ funfun àti ti páànù ránṣẹ́, tàbí kí o mú un lọ́wọ́ bọ̀, èyí ló dára jù. Bí o kò bá wá, rántí pé Ìyá Augustin wọ ọkọ̀ ojú omi tọ ọmọ rẹ̀ lọ ni. Takisí Kútọnu kò le tó òkun. N óò dúró lẹ́nu ọ́fíìsì yín, n óò máa pè ọ́ títí ọ̀gá rẹ yóò fi jáde.

Ọ̀nà ilé kò ní dí mọ́ ọ lójú. Ọmọ tìrẹ kò ní purọ́ fún ọ pé òun ń sin ọ̀rẹ́ dé ọ̀nà.

Èmi ni,
Ìyá Romaric