Màmá Naomi Àbẹ̀ní Akínyẹlé (1952–2024), Ẹni Tí Kì Í Tẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì Tútù Fún Ẹnikẹ́ni

Jápàrá ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí Màmá Naomi Àbẹ̀ní sí, ní oṣù keje ọdún 1952, lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ tí òrùlé sì ń jò. Ìyá àgbà tó gbẹ̀bí wọn kò yé sọ ọ́ títí tó fi relé pé bí wọ́n ṣe ń fi abọ́ gbe omi ní apá kan yàrá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́mọ ní apá kejì. Bàbá wọn ni Olóògbé Zechariah Oyètọ́lá, àgbẹ̀ olóbì tí gbogbo Jápàrá mọ̀. Ìyá wọn ni Olóògbé Mary Oyètọ́lá, ọmọ bíbí Ìwópin létí omi, tó ń ta ẹja gbígbẹ. Bí Màmá ṣe jẹ́ ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ lọ́dọ̀ bàbá nìyẹn, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ olómi lọ́dọ̀ ìyá. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n gbè lẹ́yìn.

Ní ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì kàwé dé ibi tí agbára àwọn òbí wọn gbé e dé ní 1967. A kò ní purọ́ mọ́ òkú: Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n kíláàsì tí wọ́n bá gbá, olùkọ́ fúnra rẹ̀ máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nítorí ojú tí Naomi ń fi wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1974, wọ́n ṣe ìgbéyàwó mímọ́ pẹ̀lú Bàbá Japheth Akínyẹlé ará Àgọ́-Ìwòyè, tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó gẹdú. Nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Bàbá ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà iwájú ni ẹni tí ìdọ̀tí pákó bá kún ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, níbi tí korobá omi ti ń dúró dè é. Olúwa fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn, Ànúolúwa sì ni àkọ́bí.

Láti ọdún 1979 títí di 2007, Màmá ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé àlejò kan ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n sì di olórí àwọn tó ń tún ibẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀gá wọn fi ògbólógbòó ẹ̀rọ ìfọkápẹ́ẹ̀tì kan dá wọn lọ́lá, èyí tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ezra ọmọ wọn tún un ṣe. Ní 2008, Màmá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Jápàrá, wọ́n sì ní kí ẹni tó ń kun pátákó kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Àbẹ̀ní, A Ń Fọ Kápẹ́ẹ̀tì, A Ń Fa Omi Nílé.” Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé bí omi bá ya wọlé onílé, àwọn á bá a fà á jáde. Àmọ́ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n gbé pátákó náà kọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn aládùúgbò ti tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ní àwọn wá pọn omi. Ìyá kan bínú lọ. Ó ní irú ahun wo nìyí, tí yóò kọ ọ́ sára pátákó pé òun ń fa omi, tí kò sì ní í bu ife kan fún èèyàn.

Iṣẹ́ náà gbèrú. Màmá rí ohun tí ojú ń rí nínú pálọ̀ àwọn èèyàn. Ẹni tó bá búra pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n fọ kápẹ́ẹ̀tì òun, omi tó máa ń jáde lára rẹ̀ á dúdú bí omi aró. Tíṣà kan ní Àgọ́-Ìwòyè pè wọ́n, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, yẹtí góòlù ìyàwó rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ ṣaworo. Tíṣà gbá orí mú.

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà sábẹ́ rẹ̀. Mo ti lé àbúrò ìyàwó mi kúrò nílé nítorí yẹtí yìí.”

Màmá dá a lóhùn pé, “Tíṣà, ìdọ̀tí ni mò ń kó jáde lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mi ò kì í kó o padà síbẹ̀.”

Tíṣà wọ bàtà, ó lọ bẹ àna rẹ̀.

Ní ti ìgbàgbọ́, ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí Màmá sí, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti lọ gba èrè. Ibẹ̀ sì ni ojú ti fẹ́ tì wọ́n jù láyé. Nígbà tí Ìkórè ọdún 2010 ń bọ̀, wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì pupa tó wà níwájú pẹpẹ fún wọn láti fọ̀. Òjò kò jẹ́ kó gbẹ. Màmá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n Alàgbà Samson, alága ètò Ìkórè, fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn Ọlọ́run ni yóò gbẹ ẹ́. Màmá gbà, wọ́n tẹ́ ẹ ní tútù.

Nígbà tí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun, tí wọ́n fi orí kanlẹ̀, àdúrà gùn. Nígbà tí wọ́n dìde, orúnkún pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ pọ́n, iwájú orí Alàgbà Samson sì pọ́n bí osùn. Wòlíì àlejò kan tó wá láti òkèèrè rí i, ó fò sókè. Ó pariwo pé, “Ẹ̀jẹ̀ náà ti sọ̀ kalẹ̀!” Ariwo halelúyà gba ilé. Àwọn tí kò tíì pọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri lórí kápẹ́ẹ̀tì kí tiwọn má bàa kọjá wọn.

Màmá lè dákẹ́. Bí wọ́n bá dákẹ́, wọn ì bá máa pe kápẹ́ẹ̀tì náà ní kápẹ́ẹ̀tì ìyanu títí di òní. Ṣùgbọ́n wọ́n rọra rìn dé ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Wọ́n ní, “Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ẹ forí jì mí. Àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ló ṣí. Kò tíì gbẹ tí mo fi tẹ́ ẹ.”

Àwọn tó wà nílẹ̀ dìde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn aṣọ. Gbogbo aṣọ náà ni Màmá gbà fọ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tàn dé ìlú Òru, ó dé Àgọ́-Ìwòyè, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba kápẹ́ẹ̀tì wọn padà. Bàbá, tó ti fi ọkọ̀ gẹdú sílẹ̀, fi kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ kó àwọn kápẹ́ẹ̀tì tó kù lọ fún wọn bí ẹni ń kó òkú. Fún ìgbà pípẹ́, ewúrẹ́ àdúgbò nìkan ló ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Àlàájà Ṣùkúrát, oníṣòwò sìmẹ́ńtì ní ìlú Awa, sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ó béèrè pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ pa àwọn Aládùúrà láró?”

Màmá ní, “Èmi ni, Àlàájà.”

“Wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ni, ẹ̀yin wá ní kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ gbé ẹ̀rọ yín, ó yá. Gbogbo ẹni tó ń fọ tèmi, lọ́fínńdà ni wọ́n ń wọ́n sí i. Bó bá di ọjọ́ kejì, pálọ̀ mi á tún máa rùn bí àgbò. Ẹni tó lè tú ara rẹ̀ fó níwájú ìjọ kò ní purọ́ fún mi.”

Bí ọ̀rẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá rí wọn nígbà náà yóò pè é ní ogun. Àlàájà máa ń dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fọ̀, á máa fi imú fà á, á sì fi áńkáṣíìfù funfun nù ún. Lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí Màmá tún igun kan fọ̀ nítorí ó ń rùn. Màmá náà dojú bolẹ̀. Nígbà tí Bàbá dé láti wá gbé ẹ̀rọ, ó bá ìyá méjì lórí ìkúnlẹ̀, ìdí lókè, wọ́n ń jiyàn òórùn. Bàbá padà síta, ó lọ dúró nínú kẹ̀kẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé Àlàájà tó le bẹ́ẹ̀ gbà fún Màmá, àwọn oníbàárà padà wá.

Èyí tí a kò lè ṣàì sọ ni ti ọdún 2019. Haneefah, ọmọ Àlàájà, ń lọ sílé ọkọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ láti ibòmíràn rí, tí àwọn àna sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí àyà ìyá rẹ̀ fi ń já. Ọ̀la ni nìkáà, ìyẹn ìsoyìgì wọn, nígbà tí páìpù tánkì omi tó wà lókè ilé já. Gbogbo ilé ti lọ ra nǹkan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kí wọ́n tó dé, sílíìnì ti wó lulẹ̀, àga tìmùtìmù ti mu omi yó, bàtà ọmọ ìyàwó sì ń wẹ̀ kiri nínú pálọ̀.

Màmá dé kíákíá pẹ̀lú Ezra. Àlàájà ní kí wọ́n ṣáà fa omi ojú rẹ̀, kí wọ́n tan fáànù, kí kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ kí àlejò tó dé.

Màmá ní, “Rárá o. Fọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti mu omi. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò rà mọ́lẹ̀, ògiri á hu èbu. Ó gbọ́dọ̀ jáde.”

“Ìyá Ànú, ṣé orí sìmẹ́ńtì lásán ni kí àna mi jókòó lé? Ilé mi ni o!”

“Ilé yín ni, Àlàájà. Omi ni kò mọ̀.”

Àlàájà bú sẹ́kún, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọkàn Màmá bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò dúró. Wọ́n rán Ezra lọ wá alágbàṣe tí yóò bá wọn gbé kápẹ́ẹ̀tì, nítorí kápẹ́ẹ̀tì tó mu omi wúwo ju màlúù lọ. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́n omi, wọ́n gbọ́ sàlámà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin mẹ́ta ló dúró, agbádá rẹpẹtẹ lọ́rùn wọn.

Màmá kò tilẹ̀ gbójú sókè dáadáa. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin alágbàṣe ayé òde òní, iṣẹ́ ni wọ́n pè yín sí, ẹ wá múra bí ẹni tó ń lọ fẹ́yàwó! Ẹ bọ́ agbádá. Ìwọ alágbára yìí, di igun yẹn mú. Má fà á o, gbé e!”

Alágbára yìí ni Alhaji Bashiru, ará Abígi, bàbá ọkọ ìyàwó, tó tètè dé láti wá kí àna rẹ̀. Ó wo omi, ó wo Màmá. Ó bọ́ agbádá, ó ká ṣòkòtò, ó sì gbé e. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì sórí ọgbà, wọ́n ká fọ́ọ̀mù, wọ́n gbọ́n omi títí ilẹ̀ fi hàn. Màmá yìn ín pé ó mọṣẹ́, wọ́n ní bó bá ń wáṣẹ́, kó máa bọ̀ ní Jápàrá.

Ìgbà náà ni Àlàájà gba ẹ̀yìn wọlé, ó bá àna rẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, korobá lọ́wọ́. Àlàájà kúnlẹ̀ gbì. Kò lè sọ ju “Yéè, mo gbé!” lọ. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ ẹni tó jẹ́, Màmá náà kúnlẹ̀ nínú omi tó ṣẹ́kù.

Alhaji Bashiru bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ̀yin ìyá. Létí omi ni ilé wa, omi máa ń wọlé wa lọ́dọọdún. Ẹni tí kò bá lè bá wa gbọ́n omi kì í ṣe àna wa. Ilé tí wọ́n ti fún mi níṣẹ́ kí wọ́n tó fún mi lómi mu, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ mi á ti fẹ́yàwó.”

Orí ẹní tí wọ́n yá ní mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti so Haneefah àti Zubair ọmọ Alhaji pọ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn àna jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n yó. Ìgbà tí ilẹ̀ àti ògiri gbẹ tán ni Màmá tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà. Àlàájà fi imú fà á yíká, kò rí nǹkan kan sọ, ó sì bínú sí èyí náà.

Màmá sin ìlú. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí níṣẹ́ láìṣojúṣàájú, bákan náà ni wọ́n sì ń pariwo mọ́ wọn. Ní 2022 tí omi bo ilé àwọn èèyàn ní Ìwópin, Màmá àti Àlàájà jọ lọ bá wọn kó tìmùtìmù síta, tí wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí fèrèsé.

Àìsàn ránpẹ́ ló mú wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n sì sùn nínú Olúwa ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án, nínú ilé wọn ní Jápàrá, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ Bàbá.

Wọ́n fi sílẹ̀ láti máa ṣọ̀fọ̀ wọn: ọkọ wọn, Bàbá Japheth Akínyẹlé, àwọn ọmọ wọn, Ànúolúwa, Ezra àti Dèbórà, àwọn ọmọ-ọmọ, àwọn ọmọṣẹ́ tó pọ̀ lọ súà, àti Àlàájà Ṣùkúrát, tó ní a kò gbọdọ̀ ka òun mọ́ àwọn oníbàárà, àbúrò ni òun jẹ́ sí wọn. Bàbá ní kí a kọ ọ́ síbí pé ní gbogbo àádọ́ta ọdún tí àwọn jọ wà, àwọn kò jà rí. Àwa ọmọ gbọ́, a sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Àbẹ̀ní, ọmọ Oyètọ́lá, aya Akínyẹlé, ó dìgbà o. Kí Olúwa tó ya omi kúrò lára ilẹ̀ tẹ́ yín sí ibi tó rọ̀. Ẹ sùn re, Màmá wa. A ti bọ́ bàtà.