Ebè Tí Mo Kọ ní Ìlú Òyìnbó

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ọmọ yín Adébáyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dà yín láàmú ti rọlẹ̀? Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Olú àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí Bọ́sẹ̀dé, àbúrò mi, tíṣà tó ń bá yín ka lẹ́tà mi. Bọ́sẹ̀, jọ̀wọ́, má fo ìlà kankan lónìí, bó ti wù kójú tì ọ́ tó.

Màmá, ẹ ó rí i pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kì í ṣe inú àpòòwé. Mo ní ìdí. Irọ́ tí mo pa fún yín, gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Kò yẹ kí n wá máa sọ òótọ́ rẹ̀ sí yín létí nìkan.

Èmi kì í ṣe ọ̀gá níbì kankan. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ tí a ti ń hun aṣọ, níbi tí mo ti lo ọdún mọ́kàndínlógún, ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì ní àwọn kò nílò ọ̀pọ̀ nínú wa mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n kó wa jọ sí yàrá ìjẹun, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n ní kí àwa tá a ti lé ní àádọ́ta ọdún máa lọ fẹ̀yìn tì, bí àsìkò wa kò tilẹ̀ tíì tó. Wọ́n fún wa ní tíì àti kéèkì. Mo jẹ kéèkì náà tán o, ẹ mọ̀ mí. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, n kò lè wọlé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ̀wé sí yín pé wọ́n ti sọ mí di ọ̀gá. Mo rò pé màá ti rí iṣẹ́ mìíràn kí ẹ tó mọ̀. Kò pẹ́ ni Bọ́sẹ̀ kọ̀wé pé ẹ ti dá ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹ gbé iṣu àti àgbébọ̀ adìyẹ méjì lọ síwájú pẹpẹ, ẹ sì jó títí gèlè fi bọ́. Gèlè yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Báwo ni n ṣe fẹ́ kọ̀wé pé kí ẹ lọ gba adìyẹ yín padà?

Ọdún àkọ́kọ́ kò dára rárá. Fúnmi ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, á jáde láàárọ̀, èmi á dúró lójú fèrèsé, màá máa wo àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ nínú òtútù. Owó ìfẹ̀yìntì kò pọ̀, ṣùgbọ́n ebi kò pa wá. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ń retí mi níbì kankan.

Fúnmi ló lé mi jáde. Ó ní ìjọba ìlú máa ń ya ilẹ̀ kékeré fún ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́, ó sì ti fi orúkọ mi sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ máa ṣe bó bá rí ilẹ̀. Ṣọ́bìrì ni mo rí rà, kì í ṣe ọkọ́, síbẹ̀ mo kọ ebè. Ogún ebè ńláńlá, ní ìlà mẹ́rin, bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Inú mi dùn débi pé mo ń súfèé.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ará ibí kì í kọ irú ebè bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan mú òdòdó wá, ó fi í lé orí ebè tó wà níwájú, ó sì rọra bi mí pé ta ni mo sin síbẹ̀. Màmá, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún mọ́ mi lójú. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ mi tó bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo sin. Lẹ́yìn Fúnmi, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún.

Mo gbin iṣu. Ó yọ ewé, ó gun igi, kí òtútù tó pa á. Èyí tí mo wà jáde kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Fúnmi sè é, a pín in sí méjì, a sì gbàdúrà iṣu tuntun lé e lórí. Lọ́dún kejì mo fi pòtétò sínú ebè, ó sì ta débi pé Bàbá Jọ́ọ̀jì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ní kí n wá kọ́ òun. Ní báyìí, bí òjò bá ti dá, òun àti àwọn tó kù nínú ọgbà á wá kan ilẹ̀kùn mi pé ilẹ̀ ti rọ̀, ṣé n kò tíì jáde ni. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn wo ọdún mẹ́fà yìí, n kò lè pè é ní òfò mọ́.

Kí wá ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí? Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ gba ohùn yín sí dé lóṣù tó kọjá. Ẹ ní ẹbí fẹ́ yọ̀ǹda oko Bàbá tó wà lọ́nà Ìsẹ̀ fún ẹlòmíràn, torí ọ̀gá ńlá bíi tèmi kò tún ní wá di ọkọ́ mú. Ẹ fi ìyangàn sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn yín lọ sílẹ̀, ẹ bi mí pé ìgbà wo ni n ó wá sí ulé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà láti gbọ́ bí ẹ ṣe pe ilé ní "ulé", bí a ṣe ń pè é ní Ìkẹ́rẹ́. Irọ́ mi ló fẹ́ gba oko náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ẹbí kí wọ́n má yọ̀ǹda rẹ̀. Èmi àti Fúnmi ń bọ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Owó ìfẹ̀yìntì á máa tẹ̀ lé wa, a kò ní di ẹrù ẹnikẹ́ni. N kò gbé mọ́tò bọ̀ o, kí Bùọ̀dá Olú má wulẹ̀ tún iwájú ilé ṣe. Kí Bọ́sẹ̀ ka lẹ́tà yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹ ti jó gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí, kó lè tán kí n tó dé.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, tí a ó fi jọ jẹ iṣu tó ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò, pàápàá àwọn ìyá ìjọ tó bá yín jó. Bí wọ́n bá bi yín pé iṣẹ́ wo ni ọmọ yín ń ṣe, ẹ gbé orí sókè, kí ẹ dá wọn lóhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Adébáyọ̀, àgbẹ̀.