Mo Bá Ọ Dáhùn ní Pápá Iléṣà

Ilé wa, ẹ̀yìn rélùwéè, Òṣogbo.
Ọjọ́ Ajé.

Kàósárà, Àpìkẹ́ mi,

Àsàláàmù àlékùmù. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsùn, mo kí ọ kú ìnira Èkó, torí nọ́ọ̀sì kì í jókòó. Ọlọ́run Ọba Aláàánú kò ní jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́ níbi tí o ti ń tọ́jú aláìsàn, àwọn tí ò ń gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì yóò máa fi ẹnu ire ṣàdúrà fún ọ. Àlàáfíà ni a wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ funfun bí méjì, akọ kan, abo kan, akọ yẹn sì lóríkunkun bíi tìrẹ. Atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná wa, a ti gbé òkúta lé e títí Ọlọ́run yóò fi pèsè, mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́ pé èmi ni mo kọ̀wé sí ọ, torí láti ọdún méje tí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú yẹn ti wà láàárín èmi àti ìwọ, ìyá rẹ nìkan lò ń pè, bí mo bá sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wàá kàn kí mi kú ilé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò sì dédé bàjẹ́. Mi ò bá ọ jà. Ìwé ni mo fi ṣe é, torí ìwé kì í gé mọ́ ènìyàn lẹ́nu.

Nígbà tí o fi ìwé ìpè àwọn Ààrá Ọ̀sán ránṣẹ́ sí fóònù ìyá rẹ, àwọn olórin tí o ti fẹ́ràn láti ilé ẹ̀kọ́ girama, o ní iṣẹ́ ọsibítù kò fún ọ láyè, kí Fáìzàh àbúrò rẹ bá ọ lọ sí àjọ̀dún orin tí wọ́n fẹ́ ṣe ní pápá ní Iléṣà. Ìdánwò ti ká Fáìzàh mọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ẹ̀sà-Òkè, ó ní kí a jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Mo wo ìwé náà, orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀ gàdàgbà, Kàósárà Rájí, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni kó wọlé. Inú mi dùn. Àwọn ènìyàn ńlá báyìí jókòó, wọ́n ro gbogbo ayé, wọ́n ní ọmọ Rájí ni kí wọ́n pè! Fáìzàh ní ńṣe ni o rà á, mo ní kó yé bu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kù, ta ló ń ra ìpè? Ẹni tí wọ́n pè sóde tí kò ráyè lọ, ṣebí aṣojú ló ń rán, aṣojú náà á sì fojú kan ẹni tó ni òde, á jíṣẹ́, kí wọ́n má baà sọ lọ́la pé lágbájá kò yọjú. Bí o bá lọ síbi ìnáwó tí ẹni tó pè ọ́ kò rí ọ, o ò lọ nìyẹn. Mo ní èmi ni n óò ṣojú rẹ.

Ó wá ku aṣọ. Fáìzàh ní dúdú ni gbogbo wọn máa ń wọ̀. Àpìkẹ́, jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Lọ́jọ́ tí mo gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ tí wọ́n ya agbárí sí láyà, tí mo pariwo pé ọmọ mùsùlùmí kì í wọ irú rẹ̀, tí mo ní mo ti dáná sun ún lẹ́yìn ilé, irọ́ ni mo pa. Bébà ni mo sun. Mo ká ṣẹ́ẹ̀tì náà sínú àpótí irin tí mo kó aṣọ iṣẹ́ rélùwéè mi sí, torí mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi kò sì gbà á. Ojú wá ń tì mí láti dá a padà, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́. Òun ni mo wọ̀ lé kaftáànì mi lórí, ó fún mi níkùn, mo dé fìlà sí i, ìyá rẹ sì rẹ́rìn-ín títí orúnkún rẹ̀ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Mo wọ ọkọ̀ ní Òkè-Fìà, gbogbo ọkọ̀ ń wo àyà mi, mo sì sọ fún wọn pé ọmọ mi nọ́ọ̀sì ni wọ́n pè, èmi ni mò ń ṣojú rẹ̀. Kí a tó dé Iléṣà, obìnrin kan ti fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, ó ní kí n bá òun kí ọ.

Lẹ́nu ọ̀nà pápá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àsmá'ù ní kí n mú ìwé wá. Mo ti ní kí àwọn oníkọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí wọ́n sì fi rọ́bà bò ó kí òjò má baà pa á. Ó na fóònù sí àwòrán dúdú-funfun onígun mẹ́rin tó wà lára rẹ̀, fóònù náà ké, ó ní ó ti tán. Mo ní kò tíì tán, níbo ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó wá sí? Ó ní fóònù ti mọ̀ pé mo ti dé. Mo ní ṣé fóònù ni yóò wá sọ fún ẹni tó ni òde ni? Mo dúró gbọin-in, èrò ń tò sẹ́yìn mi. Nígbà tó yá, ó fa ìwé kékeré kan yọ, ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe pè é, pé Kàósárà Àpìkẹ́ ọmọ Rájí, láti Òṣogbo, iṣẹ́ ọsibítù ni kò jẹ́ kó wá, bàbá rẹ̀ ló rán. Mo fún un ní orógbó mẹ́fà àti ìgò oyin kan kó bá mi fún ọkùnrin tó ń lé orin, torí mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá rẹ nígbà náà, mo sì mọ̀ pé ọ̀fun rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Wọ́n so ọ̀já pupa kan mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, mo wọlé.

Orin náà le o. Àmọ́ ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró ti ẹ́ńjìnnì rélùwéè, ariwo wo ló fẹ́ lé e? Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń lu ìlù, Lucy ni wọ́n pè é, gbé ẹsẹ̀ lé ìlù ńlá ilẹ̀ yẹn, ó bà mí láyà bí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ gbéra, omi bọ́ lójú mi, torí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo wá mọ ohun tí ò ń gbọ́ nínú yàrá yẹn. Ọkùnrin tó ń lé orin, Òkìkí ni wọ́n ń pè é, ń jágbe, mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àmọ́ gbogbo èrò ń mi orí tagbára-tagbára pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, débi pé èmi náà gbà pé òótọ́ ló ń sọ. Wọ́n na ìka méjì sókè, mo mọ̀ pé orin méjì sí i ni wọ́n ń tọrọ, mo na tèmi náà.

Àfi bí àwọn ọ̀dọ́ kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn láàárín pápá. Mo sáré wọ àárín wọn, mo ní kí wọ́n wo ti ewú orí mi, kí wọ́n má jà. Gbogbo wọn dúró, àwọn kan tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí Bàbá má bínú, ijó ni. Mo wò ó dáadáa, òótọ́ ni, ẹni tó bá fẹ́ ṣubú, ọwọ́ mẹ́wàá ló ń gbé e dìde kó tó kanlẹ̀. Ìpàdé àdúgbò wa kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa bá a lọ, wọ́n wá àga fún mi, mo jókòó ń mójú tó wọn.

Orin dákẹ́. Mo rí Àsmá'ù tó na ìwé kékeré yẹn àti orógbó mi sí Òkìkí lórí pèpéle. Ó kà á, ó tún un kà, ó gé orógbó jẹ, ó wá gbé ẹnu sí maikirofóònù, ó pe Kàósárà Àpìkẹ́ ọmọ Rájí ti Òṣogbo. Ó ní bàbá rẹ̀ ló wá bá a jíṣẹ́, kí gbogbo èrò bá òun pè é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí mi ò mọ̀ rí ni wọ́n pe orúkọ tí èmi sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ! Mo dìde, mo dáhùn pé èmi rèé o. Orí mi wú, mi ò lè purọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ìwọ ni wàá dáhùn, mi ò rí ọ, ó sì dùn mí dé egungun, torí ó yẹ kí n ti bá ọ lọ láti ọjọ́ yìí, dípò kí n máa gba ṣẹ́ẹ̀tì. Jọ̀wọ́, forí jì mí.

Fáìzàh ní àwòrán mi ti wà lórí fóònù káàkiri, pé ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn ló ti fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí mi. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì máa bọ̀ wá kí mi, kí a kọ́kọ́ tún ilé ìdáná ṣe ná. Fún ìdí èyí, bá mi fi owó páànù mẹ́ta ránṣẹ́, àti owó oògùn orúnkún ìyá rẹ. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni Fáìzàh sọ pé wọ́n ń ta ìpè, ra méjì lọ́dún tó ń bọ̀, kí n má ṣojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọlọ́run yóò gbé orúkọ rẹ dé ibi tí ẹsẹ̀ èmi kò lè dé, wọn kò ní pè ọ́ níbi ire kí wọ́n wá ọ tì. Mo ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, ó wà lórí okùn. Ìyá rẹ ní kí n gé ọ̀já pupa yìí kúrò lọ́wọ́, mo kọ̀, omi àlùwàlá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá dáadáa. Orúkọ rẹ ni wọ́n fi so ó mọ́ mi, ìwọ ni wàá wá fọwọ́ ara rẹ gé e.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rájí.