Èéfín Iléeṣẹ́ Pákó Yín Ni, Kì í Ṣe Eruku Maiduguri

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó àwọn òṣìṣẹ́. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ́ mi, n ò sì ní dìde títí n ó fi sọ tinú mi tán. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Àgbà. Mo kí Ìyá Ìjọ tó ń gbàdúrà fún wa. Mo kí Délé àbúrò mi, tí kì í gbé ìpè mi mọ́ nítorí pé ẹ ní kó má gbé e. Ọkọ mi ń kí yín. Ọmọ-ọmọ yín tí ẹ ò tíì fojú kàn náà ń kí yín, àmọ́ bí ẹ ò bá tètè wá, Haúsá ló máa fi kí yín.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà ọmọ yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ wa bọ́ síta. Níbi ìpàdé ẹbí, níwájú àgbà àti ọmọdé, ẹ ní èmi Fọlákẹ́ ni mo fa ìyá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń mí iyanrìn símú, pé eruku Maiduguri ni mo fi ba àyà ìyàwó yín jẹ́. Kò tó yín bẹ́ẹ̀, ẹ tún gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹbí. Mo pè yín, ẹ ò dáhùn. Mo bẹ Bàbá Àgbà sí yín, ẹ ní kò sí ohun tí ẹ fẹ́ bá ọmọdé sọ. Gbangba lẹ ti bú mi. Gbangba náà ni n ó ti fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ wá rí náà lè dá ẹjọ́ wa.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo bímọ, ìgbà ọyẹ́ náà ni Màmá wá bá mi wẹ ọmọ. Ẹ̀yin ò wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ ní ẹ ò lè wá kú sílùú àwọn jàǹdùkú, bí ẹni pé èmi àti ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn, bí ẹni pé kì í ṣe inú ìlú yìí la ti ń jí, tí a ti ń ṣiṣẹ́, tí a ti ń sùn. Nínú Estate tí à ń gbé, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló yí wa ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹbí mi kan nítòsí. Màmá nìkan ló wá. Tí kì í bá ṣe tiwọn ni, àjèjì ni ì bá kọ́kọ́ gbé ọmọ mi lọ́wọ́ agbẹ̀bí.

Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ọyẹ́ Ìkirè ilé wa tó kàn ń la ènìyàn ní ètè. Bó bá dé, oòrùn á funfun bí àwo tánganran, èèyàn ò ní rí ilé tó wà ní òdìkejì títì. Eruku á wọ inú ìrẹsì, á wọ inú ibùsùn, á wọ inú ìdí eyín. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. N ò ní purọ́ fún yín, eruku ló mú un wúkọ́ nígbà náà. Aládùúgbò wa kan, Àlàájà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Lamisula, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ibí ni wọ́n bí i sí, ló sáré wọlé wá. Ó kí Màmá ní sannu, sannu, kó tó rántí Yorùbá. Ó ní èèyàn kì í bá kura, eruku yẹn, jà, ìta ni wọ́n ń tì í mọ́. Òun ló kọ́ wa láti máa ta aṣọ tútù sí ojú fèrèsé. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ikọ́ náà rọlẹ̀. Kí Màmá tó padà sílé, orin ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ mi lẹ́kún, wọn ò sì wúkọ́ láàárín orin.

Wọ́n padà sí Ìkirè, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ilẹ̀ tutù. Nígbà náà ni ikọ́ tó burú dé. Bàbá, mo bi yín: eruku Maiduguri wo ló ń fún ènìyàn lọ́rùn nínú òjò Ìkirè?

Ẹ ti fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́. Ẹ ní ẹ rán ọmọ ní yunifásítì, ó wá ń wo eruku. Òótọ́ ni. Ní ẹ̀yìn àdúgbò Ngomari, níbi tí ìlú ti fẹ́ẹ́ parí, a ní ẹ̀rọ kan tó ń fa atẹ́gùn gba inú bébà funfun kọjá. Ohun tó bá wà nínú atẹ́gùn náà á lẹ̀ mọ́ bébà, èmi á sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ohun tí à ń mí símú kì í ṣe ẹyọ kan. Eruku aṣálẹ̀ tó ń ti ìhà Adágún Chad fẹ́ wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì rí gbáúngbàùn lábẹ́ awò. Nígbà òjò, atẹ́gùn gúúsù máa ń gbé iyọ̀ òkun wá, ó máa ń ní igun bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Imí-ọjọ́ tó ń jáde látinú epo ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má láwọ̀, ojú ọ̀run tó sọ di funfun la fi ń mọ̀ ọ́n. Èéfín ohun tó ń jó ní tirẹ̀ dúdú, ó kéré débi pé irun imú ò lè dá a dúró. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí.

Bí ìwà wọn ṣe yàtọ̀ lára ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ló yàtọ̀ lójú ọ̀run. Iyọ̀ àti imí-ọjọ́ máa ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, wọ́n ń mú kí ilẹ̀ tutù. Ara wọn ni omi máa ń rọ̀ mọ́ kó tó di ìkùukùu òjò, àmọ́ bí wọ́n bá pọ̀ jù, omi náà á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, òjò á ṣú, kò ní rọ̀. Eruku máa ń ṣíji bo ilẹ̀ lọ́sàn-án, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń mú wa gbọ̀n nígbà tí oòrùn wà lókè. Ẹ̀rún èéfín dúdú ní tirẹ̀, ńṣe ló ń mu oòrùn. Ẹ mọ bí aṣọ dúdú ṣe ń ṣe ènìyàn lọ́sàn-án gangan. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, tí ojú ọjọ́ fi ń dàrú mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in tán.

Nígbà tí mo gba ìsinmi, mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ mi àti Àlàájà, mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan dání wá sílé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ bá mi gbé àpò rẹ̀ wọlé. Òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà lẹ́yìn ilé wa ṣì ń jó bó ṣe máa ń jó láti kékeré wa: iná ò hàn síta, èéfín ṣáá ni, ojú fèrèsé Màmá ló sì ń gbà kọjá. Mo so ẹ̀rọ náà kọ́ sínú yàrá wọn. Bébà tí mo yọ jáde dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà tí mo ti yàrá mi ní Maiduguri mú wá, èyí tí mo so kọ́ nínú ọyẹ́. Ìyẹn pọ́n bí ilẹ̀. Mo kó méjèèjì wá bá yín ní iléeṣẹ́ pákó yín.

Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ rí i pé àwọn alágbàṣe ti pa ẹ̀rọ ìlagi, tí wọ́n ń tẹ́tí, ojú yín yí padà. Ẹ ní iná yẹn ti ń jó láti ìgbà bàbá yín, kò pa ẹnikẹ́ni. Mo ní bàbá yín gan-an, ikọ́ ni wọ́n wú títí wọ́n fi kú, a kàn ń pè é ní ọjọ́ ogbó ni. Ẹ já bébà méjèèjì gbà lọ́wọ́ mi, ẹ jù wọ́n sórí òkìtì tó ń jó. Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ ò lù mí, ṣùgbọ́n ẹ ní kí n kó ẹrù mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọkùnrin tí mo gbọ́njú bá níbi iṣẹ́ yẹn ń wò mí bí olè.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yà fún mi kí n lè gbé ẹrù mi kọjá. Nínú ọkọ̀, mò ń bínú sí yín, mo sì ń bínú sí wọn jù yín lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀, fóònù mi dún. Àbújá ni Màmá wà. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún yín pé àwọn ń lọ sí ìpàgọ́ ìjọ. Wọ́n ní kí n sọ ọkọ̀ tí àwọn máa wọ̀ dé Maiduguri. Mo ní ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní ẹni tí kò lè sùn mọ́jú mọ ohun tó ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ yé fi ọ̀rọ̀ wọn lọ pásítọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Òjò ti rọ̀ níbí, ó ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́, wọ́n ń sùn. Àlàájà ń gbé wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ti ń ná ọjà ní Haúsá tó ń pa àwọn ọmọ Àlàájà lẹ́rìn-ín. Àmọ́ dókítà gbọ́ àyà wọn, ó ní ohun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní tún ṣe tán, pé ẹ̀bi èéfín ọjọ́ pípẹ́ ni, pé wọn kò gbọdọ̀ padà sínú rẹ̀.

N ò fọ́jú sí ọyẹ́ ibí. Kí ó tó dé, Màmá gbọ́dọ̀ kúrò níbí. Ilé wọn ló yẹ kí wọ́n lọ. Àwọn olóko adìyẹ ń wá lẹ́búlẹ́bú kiri láti tẹ́ sábẹ́ adìyẹ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá kó o. Ẹ pa iná yẹn. Bí ẹ ò bá pa á, ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń mú wọn lọ, ẹ̀yin àti òkìtì yín á sì máa ṣe tọkọtaya. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, Bàbá. Tiyín ti ń tọ̀ yín bọ̀, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń wúkọ́ nínú ohùn tí ẹ fi bú mi yẹn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó sì la etí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí Délé, ẹ kí àwọn alágbàṣe, kí wọ́n máa bo imú wọn.

Mo ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí. Wọ́n ní ó le jù. Wọ́n ní kí n yọ ọ̀rọ̀ bàbá yín kúrò, n ò yọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n kọ ti àwọn sí i: pé àwọn ò bá yín jà, èémí làwọn wá wá.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ lé,
Fọlákẹ́