Ẹyẹ Tí Olóyè Ní Mo Rí

Ijapo, Àkúrẹ́.
Oṣù Kẹjọ, 2024.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìfaradà ìgbà yìí. Mo gbà á ládùúrà pé orúnkún yín ti fúyẹ́, àti pé nǹkan ṣì wà nínú ìkòkò yín. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Bísọ́dún àbúrò mi jíṣẹ́ yín, pé kí n fi ọ̀rọ̀ Olóyè Akínbọ̀wálé sílẹ̀ nítorí pé àgbà ìjọ ni. Màámi, ohun tí Olóyè sọ fún yín kọ́ ló ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo ń gbé èrò mẹ́ta bọ̀ láti Ìlọrin nínú bàálù kékeré wa. Mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí Àkúrẹ́, mo ti ń rí páànù orí ilé, nígbà tí nǹkan dúdú kan yọ sí mi níwájú, ó ń tan iná pupa. Dúróònù ni, ẹ̀rọ tí wọ́n ń rán sókè láti ya fídíò níbi ìnáwó. Bí irú rẹ̀ bá kọ lu bàálù, ó di gbéré. Mo yí sọ́tùn-ún tagbáratagbára, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá wa báyìí. Orí Ọ̀gbẹ́ni Kìtán, olùkọ́ àgbà kan tó jókòó sẹ́yìn mi, gbá fèrèsé, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Nígbà tí a balẹ̀, èmi ni mo fi aṣọ di ojú ọgbẹ́ náà.

Ta ló ni dúróònù? Olóyè yín ni. Ó ń pín ìrẹsì fún àwọn opó nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú. Kóńgò kọ̀ọ̀kan péré! Kò sì jẹ́ kí wọ́n gbà á títí dúróònù fi gòkè, kí ayé lè rí bí àwọn ìyá arúgbó ṣe ń juwọ́ sí i nínú oòrùn. Ẹni tó ń fi ebi ẹlẹ́bi ṣe ọ̀ṣọ́!

Ó wá bá mi nílé, agbádá rẹ̀ gba àga méjì. Ó ní, "Ọmọ mi, bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé àṣá lo rí." Mo ní, "Bàbá, àṣá wo ló ń tan iná nídìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojo lobìnrin, kí n fi bàálù sílẹ̀ fún ọkùnrin. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni farapa. Lẹ́yìn náà ló sáré gbé àpò ìrẹsì wá bá yín l'Óǹdó.

Mo sọ òtítọ́ fún àwọn tó ń ṣèwádìí. Ọ̀gá mi, ọ̀rẹ́ Olóyè, ní kí n lọ jókòó sílé, pé ojú mi kò ríran dáadáa. Mo sunkún, n ò ní purọ́ fún yín. Àfi bí òmùgọ̀ ṣe tú àṣírí ara rẹ̀: Olóyè fúnra rẹ̀ gbé fídíò náà sórí Fesibúùkù! Bàálù mi hàn kedere bó ṣe ń yẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bàálù pàápàá ń tẹríba fún wa." Àwọn olùwádìí kò wá ẹ̀rí mìíràn mọ́. Wọ́n gba dúróònù, wọ́n pè é lẹ́jọ́. Ọ̀gá mi ló tún wá ń bẹ̀ mí pé kí n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ebi ń pa ìlú, Màámi, ṣùgbọ́n ẹ má se ìrẹsì yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rù ú padà fún un lọ́sàn-án gangan.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn yín lóbìnrin,
Wúràọlá

Ẹ tún gbọ́: Ọjọ́bọ̀ ni mo tún máa fò. Bí ẹ bá gbọ́ tí bàálù kékeré ń kùn lókè Oǹdó láàárọ̀, èmi ni. Ẹ sọ fún àwọn ará àdúgbò pé obìnrin ló ń wà á.